187 ni JAMB fún mi, ẹ̀ẹ̀kejì rèé o

Ọmọ_Iléṣà: Ẹ káalẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́, èsì JAMB wá jáde, 187. Léṣìí 179 ni. Mo kàwé o, past question ọdún mẹ́wàá ni mo kà tán, ìdáhùn míì wà lórí mi bí orin. Màámi ò tiẹ̀ bú mi, wọ́n kàn ní kí n lọ jẹun, ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún. Kí ni kí n ṣe, àbí kí n kúkú lọ ṣe IJMB, ètò tí wọ́n tún fi ń wọ yunifásítì yẹn?

Tíṣà_Lẹ́sìn: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. 187 yẹn ò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Já a sí wẹ́wẹ́, èló ni sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan?

Ọmọ_Iléṣà: Báólọ́jì 58, kẹ́mísírì 49, Gẹ̀ẹ́sì 41, físíìsì 39. Físíìsì ló bà mí jẹ́, sà. Inú Gẹ̀ẹ́sì ni mo jókòó sí, mò ń ka àyọkà yẹn ní àkàtúnkà, ìgbà tí mo fi máa dé físíìsì ìṣẹ́jú 15 ló kù, mi ò fọwọ́ kan bí ogún níbẹ̀.

Sharp_Sharp: Wá inbox, expo wà 😂

Ìyá_Ìbejì: Má lọ o! Àbúrò mi sanwó fún irú ẹ̀, ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò jọra rárá. IJMB ò burú, 200 level ló ń gbéèyàn wọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń gbà á, kọ́kọ́ bèèrè níbi tó o fẹ́ lọ.

Tíṣà_Lẹ́sìn: Ìbéèrè 40 ló wà nínú físíìsì, ìdajì lo ṣe, o sì rí 39, ìyẹn ni pé o mọ̀ ọ́n! Aago ló gbá ẹ mú níbẹ̀. Ìbéèrè 180 ní ìṣẹ́jú 120, sẹ́kọ́ńdì 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì ò sì pọn dandan kó o kọ́kọ́ ṣe. JAMB kì í yọ máàkì fún èyí téèyàn bá gbà, o ò bá ti di ojú tẹ A fún ogún yẹn. Kẹ́mísírì lẹ̀rù ń bà mí sí, torí ibẹ̀ lo ti ráyè. Mú èyí tó o mọ̀ sórí, kó o yí nọ́ńbà ẹ̀ padà.

Ọmọ_Iléṣà: Sà, èyí tó wà lórí mi ni iye giráàmù NaOH (sodium hydroxide) inú 250 cm³ omi ẹ̀ tó jẹ́ 0.1 M (M ni agbára ẹ̀, iye mole inú lítà kan), 1 g ni. Mo yí i sí 500 cm³, 0.2 M, mo wá rí 2 g.

Tíṣà_Lẹ́sìn: 4 g ni. Omi di ìlọ́po méjì, o gbàgbé pé agbára ẹ̀ náà di ìlọ́po méjì. Mole, ìyẹn òṣùwọ̀n tá a fi ń ka iye èròjà, mélòó lo fi bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Iléṣà: Hẹn-ẹn. Sà, mi ò wá mole kankan, mo kàn fi 2 lu ìdáhùn tó wà lórí mi ni 😩

Tíṣà_Lẹ́sìn: Ehn, kọ ọ̀rọ̀ tó o sọ yẹn sójú ewé àkọ́kọ́ nóòtù tuntun. Tún un ṣe láti orí mole, kó o fi han mi lọ́la.

Ìyá_Ìbejì: Èmi náà gba 2 g o, ẹ má wò mí 🙈