Ṣé kí n mú mẹkáníìkì tó ba Jaguar Bàbá mi jẹ́ lọ sí tẹ́ṣàn?

Àbẹ̀ní Ìjàpọ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti gbóná, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi láti àná. Ọ̀nà Ọ̀dà, l'Àkúrẹ́ níbí, ni mẹkáníìkì yìí wà. Mo gbé Jaguar XJ8 Bàbá mi fún un láàyè, òkú ló wà lẹ́nu géètì mi báyìí.

Bàbá ti pé 78. Ọkọ̀ yìí làwa ọmọ wọ̀ tẹ̀lé pósí Màámi. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni Bàbá máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oǹdó, wọ́n sì ti ní inú ọkọ̀ yẹn làwọn máa jókòó sí wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ò ní wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń nu awọ ìjókòó rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin yìí wá fi ọwọ́ ọ́ìlì gbá ìjókòó iwájú mú, ipa ìka mẹ́rin ṣì wà lára rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Nígbà tí mo bá a wí, ọ̀gá rẹ̀ ní ọṣẹ á fọ̀ ọ́. Ọṣẹ! Lára awọ! Ọkùnrin tó ti jẹ iyán nílé mi o.

₦85,000 ni mo san fún iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Ọ̀rọ̀ ṣéènì inú ẹ́ńjìnì ni. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tó ṣe é, ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Road Block lọ́sàn-án gangan, tí àwọn ọlọ́kadà ń bú mi. Mo pè é, ó ní ẹ̀bi òun kọ́. Ṣé tẹ́ṣàn ni kí n lọ, àbí kí n wá lóyà?

Ìyá Ìbejì
Áà, àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Èyí tó ń ṣe Corolla mi yọ bátìrì tuntun, ó fi àlòkù síbẹ̀, ó tún bínú pé mo pe òun lólè. Oṣù mẹ́ta ni èmi àtàwọn ọmọ fi ń ti mọ́tò láràárọ̀ kí wọ́n tó débi ìwé. Ẹ mú un lọ.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà
Ma, ẹ tà á, kí ẹ ra Camry. Páàtì tiẹ̀ kì í wọ́n. Jaguar ní Àkúrẹ́, ta ló fẹ́ bá yín tún un ṣe?

Ọmọ Ekímọ̀gún
Ẹ kú ìrọ́jú, ma. Kí ẹ tó pe ọlọ́pàá, ẹ jọ̀wọ́, ọdún wo ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnì náà? Tẹ́ńṣọ̀nà mélòó ló pààrọ̀? Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ṣé ó ń yí bíi ti tẹ́lẹ̀, àbí ó ń sáré yí bí ohun tí kò gbé ẹrù?

Mo ti ṣe irú ẹ́ńjìnì yẹn. V8 (sílíńdà mẹ́jọ, mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan) tí Jaguar gbé jáde ní 1996 ni. Ṣéènì gígùn méjì wà níwájú rẹ̀, kéékèèké méjì wà lókè láàárín àwọn camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì), ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní tẹ́ńṣọ̀nà tó ń fà á le. Mẹ́rin ni gbogbo wọn. Àwọn kékeré òkè méjèèjì ló ń pa ọkọ̀ yìí, torí ike ni wọ́n fi ṣe ara wọn níbẹ̀rẹ̀. Ooru ń jẹ ike yẹn títí á fi sán. Lọ́jọ́ tó bá já, ṣéènì á fò, fáàfù á lọ bá orí pístìn. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ́ o, ẹ jọ̀ọ́.

Àbẹ̀ní Ìjàpọ̀
Dẹ́rẹ́bà, mi ò ní ta ọkọ̀ Bàbá mi. Owó tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi rà á. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́. Ọ̀rọ̀ tẹ́ṣàn ni mo bèèrè.

Mẹkáníìkì Ọ̀nà Iléṣà
Ó lè má jẹ́ fáàfù o. Ọkọ̀ yìí, bí ẹ bá tan án ní tútù, tí ẹ kàn sún un kúrò lábẹ́ igi, tí ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, epo bẹntiróò máa ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Tí ẹ bá tún tan án, á máa yí lófìfo. Ọ́ìlì díẹ̀ ni kí ẹ kán sí ihò púlọ́ọ̀gì, kí bátìrì kún dáadáa, á dìde. Mo ti jí mẹ́ta bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ekímọ̀gún
Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dúró sílé nìyẹn máa ń ṣe. Kì í pa ọkọ̀ lórí eré.

Mẹkáníìkì Ọ̀nà Iléṣà
Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni? Ẹ má kó ìpayà bá wọn. Kí wọ́n fi géèjì wọn compression, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń fún pọ̀ nínú sílíńdà, ní ihò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá wálẹ̀, epo ló fọ̀ ọ́, mo jàre. Bó bá jẹ́ apá kan ló kú pátápátá, ẹ̀yin lẹ jàre.

Alàgbà Òkè-Àrò
Ọmọ mi, mo ti gbé ẹjọ́ mẹkáníìkì lọ sí tẹ́ṣàn rí, lórí Peugeot 504. Oṣù mẹ́rin lọkọ̀ fi wà lọ́gbà wọn, koríko hù yí táyà ká. Ọmọkùnrin yẹn sá lọ, èmi ni mo ń ná owó. Pè é, kí ẹ jọ jókòó.

Ìyá Ìbejì
Alàgbà, irú ìjókòó yẹn ni wọ́n fi ń rí wa yàn jẹ.

Àbẹ̀ní Ìjàpọ̀
Ẹ ṣé, sà. Ekímọ̀gún, mo rí fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnì lórí fóònù mi, 0003 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń sáré yí bíi fáànù, kò gbé nǹkan kan. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá tan án láàárọ̀, á pariwo bí ẹni ń mi ìṣó nínú agolo, bóyá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á wá dákẹ́. Nígbà tó fi tẹ́ńṣọ̀nà tí mo gbé fún un sí i, ariwo yẹn dín kù, kò tán. Ó ní kí n má tíì máa gbé e jáde, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ́síbítù Bàbá ti pé. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ekímọ̀gún
Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnì ló wà nínú nọ́ńbà yẹn, ma. Méjì àkọ́kọ́ ni ọdún, méjì tó tẹ̀lé e ni oṣù. Oṣù kẹta ọdún 2000 ni tiyín. Oníke ni. 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi onírin síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní “tẹ́ńṣọ̀nà tí mo gbé fún un”. Ibo lẹ ti rà á?

Àbẹ̀ní Ìjàpọ̀
Ladipo, ọjà páàtì l'Èkó. Ẹnìkan ló bá mi rà á. Tòkúnbọ̀ ni, méjì, ₦35,000.

Ẹ má tíì bú mi. Mẹkáníìkì yẹn ní onírin tuntun ni kí n rà, ₦240,000 fún méjèèjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi dé láti òkè òkun. Èmi nìkan ni mo ń ra aṣọ ìdúpẹ́, èmi ni mo ń wá màlúù. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun, “ẹ tà á” ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn.

Nígbà tó tú àwọn tòkúnbọ̀ yẹn nínú ọ̀rá, ó gbé ọ̀kan sójú oòrùn, ó fi èékánná wá ara rẹ̀, ó fi ibi tó sán hàn mí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ó ní òun ò ní fi í sí i láéláé. Mo ní kó fi èyí tó dára sí apá kan, kó fi apá kejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bínú sí i. Ó ní kí n kọ ọ́ sórí WhatsApp pé èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì
Háà! Àǹtí! Ẹ kọ ọ́ fún un? Kí lẹ wá fẹ́ sọ fún ọlọ́pàá?

Mẹkáníìkì Ọ̀nà Iléṣà
Ká ní èmi ni, mi ò ní fọwọ́ kan án láìsí onírin méjì. Ẹ̀bi tiẹ̀ nìyẹn, kò yẹ kó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má mú un lọ síbì kankan.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà
Ma, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi ìṣáájú. Camry mi wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo lè fi í gbé Bàbá lọ sí Oǹdó, ẹ kàn ra epo.

Àbẹ̀ní Ìjàpọ̀
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mẹkáníìkì Ọ̀nà Ọ̀dà yẹn wá lánàá pẹ̀lú géèjì, èmi fúnra mi ni mo pè é. Apá ọ̀tún: 165, 170, 165, 160. Apá òsì, ìyẹn apá tí mo ní kó fi sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ò mì rárá ní ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ṣí ìdérí, ó mú ike tó já sí méjì, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ike náà ti pọ́n bíi iṣu sísun.

Tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnì) apá òsì máa sọ̀ kalẹ̀, a máa ra fáàfù, a ó sì dúró de onírin méjì. Ó ní ìdajì owó iṣẹ́ lòun máa gbà. Mo tọrọ àforíjì.

Mi ò tíì sọ fún Bàbá. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n tún bi mí bóyá mo ti fọ mọ́tò. Dẹ́rẹ́bà, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọ Ekímọ̀gún
Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Tó bá ń tò ó padà, kó fọwọ́ yí crankshaft (ọ̀pá ńlá ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) yípo méjì gbáko kó tó kan sítátà. Tó bá gbọ́ pé nǹkan kọlu nǹkan nínú rẹ̀, kó dúró.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà
Mo ti fi ránṣẹ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni màá ti wà ní géètì. Ẹ sọ fún Bàbá lálẹ́ òní, ma, kó má jẹ́ ojú mi ni wọ́n á ti gbọ́ ọ.