"Àwòrán òpè" kò tọ́ sí wọn

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ẹni tó dábàá pé ká máa pe àwòrán ìgbé ayé oko àti ìgbà èwe, irú èyí tí àwọn tí kò kàwé ọnà ń kùn, ("naïve art" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "àwòrán òpè" gbìyànjú, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Òpè ni ẹni tí wọ́n lè rẹ́ jẹ. Ta ló rẹ́ Grandma Moses, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, jẹ?

Ọdún 1860 ni wọ́n bí ìyá yìí ní Greenwich, ní ìpínlẹ̀ New York. Ọmọ ọdún 12 ló ti ń ṣọmọ ọ̀dọ̀, ó sì wá di ìyàwó àgbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló kọ́kọ́ fi ń ṣọnà, kí oríkèé ríro tó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún kó tó gbájú mọ́ ọ̀dà. Ní 1938, ẹnì kan rí àwòrán rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Hoosick Falls. Nígbà tó di 1940, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ní ìlú New York. Kí ló ń kùn? Bí wọ́n ṣe ń gba omi dídùn lára igi maple, tí wọ́n ń sè é di ṣúgà nínú yìnyín, tí àwọn ọmọdé ń sáré kiri láàárín àgbà. (Ẹni tó bá ti wà níbi tí wọ́n ti ń fún epo pupa rí mọ irú ariwo ayọ̀ bẹ́ẹ̀.)

Ẹlòmíràn ní "àwòrán ọmọdé". Ṣé ọmọdé ló kùn ún ni, àbí ọmọdé ló wà nínú rẹ̀?

"Adákọ́ṣẹ́" ló wù mí, kó kojú "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́". "Àdákọ́" ì bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí a ò bá fàmì sí i lórí fóònù, "àdàkọ" ni gbogbo ayé máa kà, èébú gidi sì nìyẹn fún ayàwòrán. Ṣùgbọ́n adákọ́ṣẹ́ ò kárí gbogbo wọn. Ivan Generalić, ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé Hlebine ní Croatia tó ń kun ẹ̀yìn gíláàsì, ní ọ̀gá: Krsto Hegedušić tó kàwé ọnà ní Zagreb ló tọ́ ọ sọ́nà láti 1930. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi "adákọ́ṣẹ́" pe ẹni tó bá dá kọ́ ọ, ká sì pe àwòrán fúnra rẹ̀ ní "àwòrán ìrántí oko", ẹni yòówù tó kùn ún.

Ibi tó ti ń rú mi lójú ni ayàwòrán Twins Seven-Seven, tó bẹ̀rẹ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọnà Georgina Beier ní Òṣogbo ní 1964. Iwin àti igbó inú àlọ́ ló kún inú iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe oko tó fojú rí. Níbo lẹ máa fi tirẹ̀ sí?