Ilé wà lórí máàpù àtijọ́, ṣùgbọ́n ìṣó nìkan ni mo rí níbẹ̀

Atọpasẹ̀ béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wá irin inú ilẹ̀. Mo rí máàpù kan tí Ordnance Survey ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lára irú èyí tí íǹṣì 6 dúró fún máìlì kan. Lórí rẹ̀, ilé kékeré kan wà ní igun pápá. Lónìí, koríko nìkan ló wà níbẹ̀. Onílẹ̀ fún mi láyè, mo sì lo odidi ọjọ́ méjì níbi tí mo rò pé ilé náà wà. Lọ́jọ́ kìíní, n kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, mo sún díẹ̀ síhà ìlà oòrùn, ni mo bá bọ́ sáàárín ìṣó tó ti dípẹtà, ó lé ní ọgọ́ta, pẹ̀lú àfọ́kù bíríkì, kò sì sí ẹyọ owó kan ṣoṣo láàárín wọn. Ṣé máàpù ló ṣì mí lọ́nà ni, àbí èmi ni n kò mọ̀ ọ́n kà?

Ìyá Máàpù dáhùn pé:

Ẹ̀bi méjèèjì ni, ṣùgbọ́n ti máàpù kéré. Bí íǹṣì 6 bá dúró fún máìlì kan, a jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:10,560. Mílímítà kan ṣoṣo lórí ìwé jẹ́ nǹkan bíi mítà 10.6 lórí pápá. Bí ìka yín bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ ti jáde kúrò nínú ilé náà pátápátá, bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́jọ́ kìíní nìyẹn. Ẹ wá èyí tí íǹṣì 25 dúró fún máìlì kan. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 1:2,500, mílímítà kan lórí rẹ̀ kò sì ju mítà 2.5 lọ. National Library of Scotland ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú oríṣi méjèèjì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè tẹ́ máàpù àtijọ́ lé àwòrán tí sátẹ́láìtì yà lóde òní, kí ẹ máa mú ti òkè ṣá díẹ̀díẹ̀ títí ti ìsàlẹ̀ yóò fi hàn.

Bó bá jẹ́ máàpù tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá yín tò ni, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò mú un bá ilẹ̀ mu. Ẹ mú ibi mẹ́rin, ó kéré tán, tí kò yí padà: ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì, oríta, afárá olókùúta, igun ògiri. Ẹ má ṣe fi odò ṣe àmì, nítorí odò a máa yí ipa padà. Kí àwọn àmì náà yí ibi tí ẹ ń wá ká, kí wọ́n má ṣe kó jọ sápá kan, torí pé bí a bá ti ń jìnnà sí wọn ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i. Ní ti máàpù tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, tí apá kan rẹ̀ fẹ̀ jù, tí apá kejì sún kì, ẹ kà á bí ẹni ń gbọ́ ìtàn, kì í ṣe bí ẹni ń wọn aṣọ.

Awalẹ̀ dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Máàpù, àmọ́ n kò rò pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Arákùnrin Atọpasẹ̀ ti dé ilé náà. Àwọn ìṣó yẹn ni ẹ̀rí. Ta ló ń sọ owó nù sínú yàrá tí wọ́n ń gbá láràárọ̀? Ibi tí owó ti ń bọ́ ni ibi tí ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ó ti ń gun nǹkan, tí ó ti ń tọwọ́ bọ àpò, tí ó ti ń jókòó sórí koríko. Nítorí náà, ẹ fi ilé sílẹ̀, kí ẹ wo ohun tó yí i ká. Lórí máàpù Ordnance Survey, F.P. ni wọ́n ń kọ síbi ipa ẹsẹ̀, W. sì ni kànga. Ẹ tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ náà títí yóò fi kan ìlà ọgbà pápá. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, àtẹ̀gùn igi tí wọ́n ń gùn fo ọgbà tàbí ẹnu ọ̀nà pápá ló máa ń wà níbẹ̀, kódà bí ọgbà ọ̀hún kò bá sí mọ́ lónìí. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ rọra wá.

Ẹ tún wá àwọn máàpù tí wọ́n yà nítorí òfin ìdámẹ́wàá ti ọdún 1836, èyí tó sọ ìdámẹ́wàá irè oko di owó. Ìwé tó bá wọn rìn dárúkọ onílẹ̀ àti ẹni tó ń lo ilẹ̀, ó sì sábà máa ń sọ orúkọ pápá kọ̀ọ̀kan. Pápá tó bá ń jẹ́ Fair Field, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ná ọjà ọdọọdún níbẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà tún lè túmọ̀ sí pápá tó rẹwà lásán. Ó ti tàn mí rí.

Alábòójútó dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n máa ń fi lẹ́tà Gothic, irú èyí tó dà bíi ti ìwé àtijọ́, kọ orúkọ rẹ̀ lórí máàpù wọ̀nyí, ó sì máa ń wu ènìyàn láti gba ibẹ̀ lọ tààrà. Púpọ̀ nínú wọn ni ìjọba ti fi sábẹ́ ààbò, òfin ọdún 1979 sì ka lílo ẹ̀rọ tó ń wá irin níbẹ̀ láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, onílẹ̀ ì báà gbà. Ní England àti Wales, ohun tó bá jẹ́ ìṣúra lábẹ́ Treasure Act ti ọdún 1996, ọjọ́ 14 ni ẹ ní láti fi sọ fún coroner àdúgbò, ìyẹn òṣìṣẹ́ òfin tó ń ṣèwádìí ikú àti ìṣúra.

Atọpasẹ̀ padà wá:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Lórí máàpù onííǹṣì 25, mo rí W. kan lẹ́yìn ilé náà àti ipa ẹsẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ìlà ọgbà kan tí wọ́n ti hú kúrò. Mo lọ síbẹ̀ lánàá. Bọ́tìnnì méjì ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dún kíkankíkan níbi tí ìlà méjèèjì ti pàdé: pẹ́nì kan ni, tó ti dúdú. Ojú Ọbabìnrin Victoria ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí i padà, mo rí ọdún rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin tó jókòó níbẹ̀: 1862.