"Òṣèré àtìrandíran" ni mo fara mọ́ fún Eduardo De Filippo

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín.

Àwọn ará Ítálì máa ń pe òṣèré tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣeré kí wọ́n tó bí i ní "figlio d'arte". Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó fi túmọ̀ rẹ̀ ni a ń wá, àbá mẹ́ta ló sì wà nílẹ̀: òṣèré àbínibí, òṣèré àjogúnbá, àti ọmọ òṣèré. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Eduardo De Filippo, òṣèré àti òǹkọ̀wé eré ọmọ Ítálì tí a tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò yìí, gan-an ni ẹ̀rí mi.

Naples ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1900. Eduardo Scarpetta, gbajúgbajà aláwàdà tó ní ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀, ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Scarpetta ti níyàwó nílé. Luisa De Filippo, ẹbí ìyàwó yẹn gan-an, ló bí Titina, Eduardo àti Peppino fún un, kò sì fi orúkọ rẹ̀ fún ìkankan nínú wọn. Orúkọ ìyá wọn ni wọ́n jẹ́ títí wọ́n fi kú. Orí ìtàgé nìkan ni kò tì mọ́ wọn: ọmọ ọdún mẹ́rin ni Eduardo nígbà tó kọ́kọ́ jáde nínú eré bàbá rẹ̀. Vincenzo, ọmọ tó ń jẹ́ Scarpetta, ló gba ẹgbẹ́ òṣèré náà. Abẹ́ rẹ̀ ni Eduardo ti ṣiṣẹ́.

Ogún wo wá ni Eduardo jẹ? Ẹni tó bá gbọ́ "àjogúnbá" á rò pé wọ́n pín nǹkan fún un ni. "Àbínibí" ní tirẹ̀, ẹ̀bùn ló ń sọ. Ẹni tí kò sí òṣèré kankan nínú ẹbí rẹ̀ náà lè ní in. Ọmọ òṣèré sì lè máa ṣiṣẹ́ ní báńkì.

"Òṣèré àtìrandíran" ni mo mú wá. Ìran ni ìdílé tí a ti ṣẹ̀ wá, ìran náà sì ni ohun tí òǹwòran ń wò. Àwọn tó ń kọ eré wa sì máa ń pín in sí ìran kìíní, ìran kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìran kan ò tó láti pè ní àtìrandíran, kó ka Scarpetta, kó ka àwọn ọmọ mẹ́ta tó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1931, kó wá ka Luca ọmọ Eduardo àti Luigi ọmọ Peppino. Òṣèré ni gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kò sì fi Eduardo sílẹ̀. Lọ́dún 1946 ló kọ "Filumena Marturano", eré obìnrin kan tó bí ọmọkùnrin mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti Domenico, ọkùnrin tó ń bá a gbé, àmọ́ tí kò gbà láti sọ èyí tó jẹ́, kí ọkùnrin náà lè fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórúkọ rẹ̀. Titina ló ṣe Filumena. Nígbà tí Eduardo sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1951, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Domenico. Ọmọ tí bàbá kò fún lórúkọ ló wá ń ṣe ọkùnrin tí wọ́n ń bẹ̀ fún orúkọ! Mi ò lè kà á kí n má ronú nípa Luisa.

Fún Titina, tó jẹ́ obìnrin, àwọn ará Ítálì á yí "figlio" padà sí "figlia". Tiwa ò nílò ìyẹn. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju àtìrandíran lọ, tí kò sì fi ogún tàbí ẹ̀bùn dà á rú, ẹ jọ̀ọ́, kó gbé e wá.