Àbọ̀ ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì: "Ẹ̀pẹ́" ti jáde dáadáa

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Mo béèrè lọ́jọ́sí ìdí tí "Ẹ̀pẹ́" fi ń jáde ségesège lórí ìkànnì tí mo ń ṣe fún ìyá kan tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́: p tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ sanra, àmì ohùn sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti yanjú.

Noto Sans ni fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) tí mo lò láti Google Fonts, ibi tí Google ti ń pín fọ́ǹtì, kò sì lẹ́bi. Wọ́n pín fọ́ǹtì náà sí fáìlì mélòó kan, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú wọn. Fáìlì "latin" nìkan ni mo gbé, kí ojú ìwé lè tètè ṣí. Àṣé inú fáìlì "vietnamese" ni ẹ, ọ àti àmì ohùn wà! Ṣ wà nínú "latin-ext". Lẹ́tà tí browser (ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì) kò bá rí nínú fáìlì tí mo gbé, ọ̀dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn ló ti ń yá a.

Mo fi fáìlì méjèèjì kún un pẹ̀lú unicode-range wọn (ìlà tó ń sọ lẹ́tà tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà fún) nínú CSS, kóòdù tó ń ṣètò ìrísí ojú ìwé. Ojú ìwé tí kò bá nílò wọn kò ní jẹ dátà lórí wọn. Ẹ rántí pé ẹ́ kò ní kóòdù tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà: U+1EB9 (ẹ) àti U+0301 (àmì ohùn òkè) ló ń pàdé, fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé àmì lé.

Lánàá, Ìyá ka "Ẹja Ẹ̀pẹ́" sókè lórí fóònù wọn. Inú mi dùn gan-an. Mo pa ìbéèrè yìí dé.