Ẹni tó ti jókòó sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ṣé ó yẹ kí ọlọ́pàá tún gun ẹ̀yìn ẹ̀?

Ọmọ Arákalẹ̀:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí látọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lápá Ìsìnkàn, wọ́n ní fóònù kọ́sítọ́mà kan sọnù, àwọn ọlọ́pàá dé, ọmọ náà jókòó sílẹ̀ fúnra ẹ̀ o, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀hún. Kò sá, kò bú ẹnì kankan. Àfi bí àwọn mẹ́ta ṣe dojú ẹ̀ bolẹ̀, ọ̀kan fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ dè é débi pé ìka ẹ̀ wú. Ó ń pariwo pé òun ò rí èémí mí, wọ́n ní kó yéé jà! Fóònù ọ̀hún, abẹ́ síìtì mọ́tò oní-nǹkan ni wọ́n ti rí i nírọ̀lẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn ni?

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọlọ́pàá náà ń rí nǹkan. Wọ́n mú jàgùdà kan níwájú ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́sí, òun náà jókòó jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe bojú wẹ̀yìn báyìí ló yọ ọ̀bẹ. Ta ló mọ inú ẹni?

Bàbá Ọ̀bàílé:
Mo ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ìyá Aláṣọ, ẹni tó yọ ọ̀bẹ, a ó fagbára mú u, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbà, agbára parí nìyẹn, èyí tẹ́ ẹ bá tún lò lé e, ìyà lẹ fi ń jẹ ẹ́. Ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣì í rèé: ẹni tí wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀ tí èèyàn wá gun ẹ̀yìn ẹ̀, àyà ẹ̀ ò ráyè gbé sókè kó lè mí, yóò máa jà pìtìpìtì, èémí ló ń wá o, lójú ọlọ́pàá àwọn ló ń bá jà, ni wọ́n á bá tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ rántí George Floyd tó kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Minneapolis, ní Amẹ́ríkà, 25 May 2020, ìṣẹ́jú tó lé ní 9 ni orúnkún ọlọ́pàá fi wà lọ́rùn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti de ọwọ́ ẹ̀ ṣáájú. Tí ṣẹkẹṣẹkẹ̀ bá ti wọlé, ṣe ni kẹ́ ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kẹ́ ẹ gbé e jókòó kíá. Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ọ̀hún gan-an, ihò kékeré kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣóńṣó kọ́kọ́rọ́ tẹ̀, kó má bàa máa fún mọ́ ọn lọ́wọ́ bó bá ń mira. Ọ̀pọ̀ kì í tẹ̀ ẹ́. Ọ̀lẹ ni jàre.

Lọ́yà Alágbàká:
Ọ̀rọ̀ Bàbá bófin mu. Òfin ACJA 2015 (Administration of Criminal Justice Act, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń mú afurasí àti bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ ẹ̀), section 5: wọn ò gbọ́dọ̀ de afurasí àfi tí ìdí gidi bá wà láti rò pé yóò jà tàbí yóò sá, tàbí nítorí ààbò òun fúnra ẹ̀, tàbí kóòtù ló pàṣẹ. Ìpínlẹ̀ Òǹdó náà ní tiẹ̀. Section 34 nínú Constitution ò sì fàyè gba ìfìyàjẹni, òfin Anti-Torture ti 2017 wá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti ya fọ́tò ọwọ́ ẹ̀? Ẹ gba ìwé dọ́kítà, kẹ́ ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ àti orúkọ tẹ́ ẹ bá rí láyà aṣọ wọn. Tí owó lọ́yà ò bá sí, ẹ lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní ṣẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Arákalẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Fọ́tò wà. Àtàǹpàkò òsì ẹ̀ ò tíì mọ nǹkan lára, lánàá sípánà já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá ẹ̀ ní ká fi sílẹ̀, pé ṣebí wọn ò gbowó béèlì. Màámi náà ní ká fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mọ́ńdè ni mo fẹ́ mú un lọ sí ọsibítù.

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba:
Háà, àtàǹpàkò ọmọ mẹkáníìkì! Ẹ má dúró di Mọ́ńdè o, àárọ̀ ọ̀la ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.