X32 (ẹ̀rọ míkísà tí a fi ń darí ohùn): báwo lẹ ṣe ń tètè rí ṣánẹ́ẹ̀lì (ojú ọ̀nà máíkì kọ̀ọ̀kan) tó ń súfèé?

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fédà (bọ́tìnì tí a ń fà sókè-sódò láti gbé ohùn sókè tàbí wálẹ̀) 16 péré ló wà lápá òsì, ṣánẹ́ẹ̀lì 32 ló wà nínú ẹ̀rọ. Bí máíkì gángan bá ń súfèé níbi ìyàwó, kí n tó dé léyà kejì (ìpele tí fédà kan náà ti ń darí ṣánẹ́ẹ̀lì yòókù), àwọn àlejò ti di etí.

Sáùńdì Ọmù-Àrán: Àbúrò, kọ orúkọ sójú kékeré tó wà lókè fédà, kí o sì fún un láwọ̀: pupa fún ohùn, yẹ́lò fún ìlù. Máíkì ààfáà ò gbọdọ̀ kúrò ní léyà kìíní, ẹni yòówù kó bẹ̀ ọ́!

Alágbọ̀ọ́ Ìlọrin: Kó gbogbo ìlù sórí DCA kan (fédà kan tó ń darí ṣánẹ́ẹ̀lì púpọ̀ pọ̀) lápá ọ̀tún, ọwọ́ rẹ ò ní kúrò lórí ẹ̀. Tíná CLIP (àmì pé ìró tó ń wọlé ti pọ̀ jù) bá sì tàn, géènì (agbára ìró tó ń wọlé) ni kóo fà wálẹ̀. Fédà ò kàn án.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ ṣé gan-an. Yẹ́lò yẹn, màá ṣe é lónìí.